Nígbà Tí Ìkìlọ̀ Bá Dún
Ẹ ka Luku 4:38–39



Ibà líle dá ìyá ìyàwó Simoni dùbúlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òun ló ké pe Jesu. Àwọn tó wà nílé ló bá a bẹ̀bẹ̀. Jesu dúró tì í, ó bá ibà náà wí, ara obìnrin náà sì yá.

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London ṣàlàyé ohun kékeré kan fún mi, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn tó wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, níbi tí aláìsàn mìíràn kò ti lè sọ pé òtútù ń mú òun. Ó rí bíi pílásítà. Abẹ́ abíyá tàbí iwájú orí ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ń wọn ooru ara léraléra, ó sì ń fi í ránṣẹ́ láìlo wáyà sí ojú ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wò. Ara tó dá máa ń wà ní nǹkan bíi 37 ní ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá kọjá 38, tàbí tó wálẹ̀ ju 36 lọ, ó lè jẹ́ pé kòkòrò àìsàn ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé awọ ara lè tutù nígbà tí inú ń gbóná, bí ó bá sì ṣí díẹ̀, ó lè ṣìnà. Nítorí náà wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Kò sì lè fún ẹnikẹ́ni lóògùn. Bí ìkìlọ̀ bá dún tí ẹnì kan kò dìde, asán ni.

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa kò wá sípàdé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ “kò wá” síwájú orúkọ rẹ̀, tí mo sì pa ìwé dé. Ìgbà tí a máa fi dé ilé rẹ̀, ó ti sùn nínú Olúwa. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi pe orúkọ ọmọ ilé ìwé! Ìkìlọ̀ dún lábẹ́ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, n kò dìde.

John Wesley kò ya ìtọ́jú ọkàn kúrò lára ìtọ́jú ara. Ní 1747 ó tẹ ìwé ìwòsàn Primitive Physick jáde, kí tálákà lè rí ìrànlọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ni wá. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ẹni tó ń jókòó tì í. Bí àyè rẹ̀ bá ṣófo lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè é lórí fóònù. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ bá a sọ ọ́ fún Jesu àti fún dókítà.

Kí Olúwa, ẹni tí oorun kì í kùn, jí wa lójú oorun wa. Àmín.