Ẹ Máa Tọrọ: Ìwúre fún Ẹdúnàbọ̀n

Olúwa, Ọba tí ń gbọ́ àdúrà, ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Ẹdúnàbọ̀n, a sì dé síwájú Rẹ. Àgbà dé, ọmọdé dé. Àwọn tí oko ń dúró dè ti gbé àdá ti ara ògiri kí wọ́n tó wọlé. Gbọ́ tiwa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú Mátíù orí 7, níbi tí Jésù ti ní kí a béèrè, aiteo ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bi mí ní Yorùbá rẹ̀, n ó ní tọrọ ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ni, tó wá bá ẹni tó ní. Ọ̀rọ̀ ọmọ sí bàbá. Bí wọ́n sì ṣe kọ ọ́ níbẹ̀, “ẹ máa tọrọ” ló ń wí: lónìí, lọ́la, lọ́túnla.

Ẹ rántí bí a ṣe ń tọrọ iná kí ìṣáná tó kárí ilé. Ìyá á rán ọmọ sí ilé kejì ní ìdájí. Ọmọ á mú apáàdì, àfọ́kù ìkòkò Ìpetumodù tí èéfín ti sọ di dúdú, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ káàárọ̀ o, ìyá mi ní kí ẹ fún wa níná.” Onílé á kọ́kọ́ bu eérú sínú apáàdì kí ó má baà jó o lọ́wọ́, kí ó tó kó ẹyín iná méjì lé e. Ọmọ á máa fẹ́ ẹ lọ lẹ́nu. Bí iná bá kú sọ́nà, ọmọ á padà wá, onílé á sì tún fún un. Iná onílé kò dín.

Olúwa, bí ọmọ yẹn ni kí O ṣe wá. Kí apáàdì wa má bọ́ lọ́wọ́ wa. Kí iná tí O fún wa má kú sọ́nà. Bó bá sì kú, kí ojú má tì wá láti padà wá. Àmín.

Ìbátan aiteo ni epaiteo, agbe ṣíṣe, èyí tí ìríjú inú Lúùkù orí 16 ní ojú ń ti òun láti ṣe. Lójú tèmi, ilé ló ya méjèèjì: ọmọ ilé ń tọrọ, ẹni tí kò rílé wọ̀ ló ń ṣagbe. Kí títọrọ wa má di agbe. Àgbẹ̀ tó gbin kòkó, kí ó rí i ká, kí ó rí i tà. Ìyá tó ń yan gàrí, kí èrè rẹ̀ ju omijé tí èéfín fà lójú rẹ̀ lọ. Awakọ̀ tó ń rin ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, kí àwọn ará ilé rẹ̀ gbọ́ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àmín.

Nínú Jòhánù orí 16, ẹsẹ 23, aiteo tún pàdé ọ̀rọ̀ Gíríìkì mìíràn, erotao. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, yà wọ́n sọ́tọ̀: erotao jẹ́ bi léèrè, aiteo jẹ́ béèrè lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ fún etí wọn. Olúwa, ìbéèrè wà nílẹ̀ yìí. Ìyá kan wà láàárín wa tó ń bi Ọ́ pé kí ló dé tí òun fi sin ọmọ. N kò ní bá Ọ dáhùn. Jẹ́ kí ó bi Ọ́. Ṣùgbọ́n kí ìbéèrè ẹnu rẹ̀ má dí i lọ́wọ́ láti tọrọ oorun alẹ́ òní.

Aiteo yìí kan náà ni Mátíù fi sọ ohun tí Jósẹ́fù ará Arimatíà ṣe, nígbà tó lọ bá Pílátù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Jésù kú. Òkú Jésù ló lọ tọrọ. Kò tún sí ohun mìíràn tí ó kù láti tọrọ. Wọ́n sì fún un.

Olúwa, ẹnikẹ́ni ní Ẹdúnàbọ̀n tí kò rí nǹkan kan tọrọ mọ́ ju kí a gbé òkú ìrètí rẹ̀ lé e lọ́wọ́, jẹ́ kí ó wá. Fún un ní aṣọ funfun tí yóò fi dì í. Dúró tì í títí di ọjọ́ kẹta.

Àmín.