Ara àti Ẹ̀mí: Èwo Ni Yóò Jíhìn?

Kíkà: Òwe 11:1, Jákọ́bù 2:14–17, 1 Kọ́ríńtì 6:19–20

Gbogbo wa gbà pé ènìyàn ní ara tí a ń rí àti ẹ̀mí tí a kò rí. Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe jẹ́ sí ara wọn? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1648 sí 1649, Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Henry More, olùkọ́ ní Cambridge, kọ lẹ́tà sí ara wọn lórí rẹ̀. Descartes ní ara nìkan ni ó ń gba ààyè. More kò gbà: ó ní ẹ̀mí náà ń gba ààyè, ṣùgbọ́n kò ṣeé gé wẹ́wẹ́ bí igi.

Ọmọ adúláwọ̀ kan tún sọ tirẹ̀ lẹ́yìn wọn. Anton Wilhelm Amo ni orúkọ rẹ̀, ará ẹkùn Axim ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. Wọ́n mú un lọ sí Yúróòpù ní kékeré, wọ́n sì fi í ta ìjòyè ńlá kan ní Jámánì lọ́rẹ. Ó kàwé títí ó fi di olùkọ́ ní yunifásítì. Ní ọdún 1734, ní Wittenberg, ó kọ ìwé láti fi hàn pé ara ni ó ń mọ ìrora, pé ẹ̀mí kì í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀mí kàn ń lo ara bí irinṣẹ́ ni.

Ẹ kíyè sí ewu tí ó wà níbẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé, “Ara mi ni ó ṣẹ̀, ọkàn mi mọ́.” Bí oníṣòwò kan ní ọjà Òṣòdì bá tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, ọwọ́ ni ó tẹ̀ ẹ́, ta ni ó rán ọwọ́? A kì í mú àdá lọ sí kóòtù kí a fi ẹni tí ó gbé e sílẹ̀. Bí ara bá jẹ́ irinṣẹ́, ẹni tí ó ń lò ó ni yóò jíhìn.

Ẹlòmíràn a lọ kí aláìsàn ní ọsibítù ní Ìsọlọ̀. Ó gbàdúrà fún ọkàn rẹ̀, ó rí i pé kò ní owó oògùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ, nítorí pé ara yóò jẹrà bó pẹ́ bó yá. Jákọ́bù pe irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ní òkú. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara nìkan ni ebi ń pa, ara arákùnrin wa ni.

Ní tèmi, n kò lè bá Amo dé òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Gẹtisémánì, Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ pé ọkàn òun bàjẹ́ gidigidi (Mátíù 26:38). Ọ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn, Ọlọ́run ni ó sì rà á, tara tẹ̀mí.

Fún ìjíròrò: Ta ni nínú kíláàsì wa ni a ti gbàdúrà fún, tí a kò tíì ràn lọ́wọ́?