Ta Ló Ni Gbólóhùn Náà?

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì, wẹ́dà ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, ó sì ti fi orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló ń ṣe jù. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú ààrò kan fún àwọn ìyá tó ń yan gààrí: ààrò tó ní páìpù gígùn lẹ́yìn, kí èéfín lè gba ibẹ̀ jáde, kó má baà máa wọ̀ wọ́n lójú. Ó ti ṣe mẹ́ta. Méjì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀kẹta máa ń gbóná jù, ó ń jó gààrí, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ìwádìí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀. Software ni mo ń kọ jẹun, ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: tí ẹnìkan bá ti mọ kọ̀ǹpútà, tí òyìnbó sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni gbogbo àdúgbò máa ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá. Mo rí grant kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe ohun tuntun. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀. A fi àdéhùn sí i pé tí owó bá jáde, ìdá mẹ́wàá jẹ́ tèmi.

Fọ́ọ̀mù náà béèrè pé kí ló jẹ́ tuntun nínú iṣẹ́ yìí. Mo wo "ààrò tó ní páìpù", mo sì rí i pé a ò ní wọlé. Ni mo bá kọ ọ́ pé ààrò náà yóò ní sensor tó ń wọn ooru, pé áàpù kan yóò wà lórí fóònù, pé AI yóò máa sọ fún àwọn ìyá ìgbà tó yẹ kí wọ́n ro gààrí pọ̀. Wọ́n béèrè iye obìnrin tó ti lo ààrò náà. Mẹ́ta ni. Mo kọ ogójì.

Owó jáde. Ẹ̀gbọ́n ní kí n wá jẹ iyán, inú gbogbo wa dùn. Ní oṣù kẹrin, àwọn tó fún wa lówó kọ̀wé pé áàpù dà. Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn: "Àbúrò, wọ́n ní áàpù. Áàpù wo?"

Kí n má pa á mọ́ fún yín: èmi náà ni mo kọ áàpù náà, mo sì gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀. Ó ra sensor, ó ra fóònù fún àwọn ìyá náà. Èyí tó ju ìdajì owó náà lọ bá a lọ. Àwọn ìyá kò ṣí áàpù náà rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ta ló fẹ́ tẹ fóònù nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí agbada gbígbóná? Ààrò kẹta ṣì ń jó gààrí títí owó fi tán. A ò wádìí ohun tí Ẹ̀gbọ́n fẹ́ mọ̀.

Tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. "Packaging ni jàre. Ta ni kì í ṣe é?" Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò YouWiN!, níbi tí ẹni tó bá wọlé ti lè gbà tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún òwò rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000. Ẹni 1,200 ló wọlé. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, David McKenzie, tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́ta, ó sì rí i pé owó náà ṣiṣẹ́ gan-an: àwọn tó gbà á gba òṣìṣẹ́ ju àwọn tí kò rí i gbà lọ. Ṣùgbọ́n òun àti Dario Sansone tún wo máàkì tí àwọn adájọ́ fún ìwé àbá àwọn tó sún mọ́ ìparí ìdíje náà. Máàkì yẹn kò sọ ẹni tí òwò rẹ̀ yóò gbèrú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ẹ gbọ́ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ìwé tó dùn ún kà lọ́tọ̀, iṣẹ́ tó dára lọ́tọ̀. Wẹ́dà tó mọ iná àti irin, àmọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ òyìnbó aláṣọ ńlá, lè pàdánù owó tó tọ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá bá a kọ̀wé kò ṣẹ̀. Mo gbà pé ìdájọ́ òdodo ni. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi ni pé wọ́n rò pé tí irọ́ bá wọ inú ìwé náà, olówó nìkan la rẹ́ jẹ, olówó kò sì ní kú.

Èmi rí ibi tí irọ́ náà bọ́ sí. Nínú iṣẹ́ tiwa, èèyàn lè kọ ohun tó bá wù ú sí comment, kọ̀ǹpútà kò ní kà á. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú code, kọ̀ǹpútà máa ṣe é bí a ṣe kọ ọ́. Mo kọ ìwé àbá Ẹ̀gbọ́n bí ẹni ń kọ comment. Code ni. Ọjọ́ tí owó jáde ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ayé ẹlòmíràn ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ogójì tí mo kọ dípò mẹ́ta, irọ́ pọ́ńbélé ni, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n AI tí ẹnikẹ́ni kò ní pè ní irọ́, tí a máa ń pè ní "ìran ọjọ́ iwájú", òun ló gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó mọ ohun tó ń wá.

Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, akọ̀wé ló ń bá ẹni tí kò kàwé kọ lẹ́tà sí ìjọba. Òfin wà lórí ẹ̀: akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú lẹ́tà náà, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé ohun tí onílẹ́tà rán an ló kọ, àti pé ó kà á fún un, ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó tó tẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì ní òfin náà títí di òní. Orúkọ mi kò sí níbì kankan nínú ìwé Ẹ̀gbọ́n. N kò sì kà á fún un.

Ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá náà ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, Grant Professionals Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ìwé grant, kò fi àyè gba ọmọ ẹgbẹ́ láti gba owó tó jẹ́ ìdá nínú grant. Ìdí rẹ̀ yé mi báyìí: ẹni tó jẹ́ pé àfi tí a bá wọlé ni yóò jẹun, ó ṣòro kó sọ pé "ẹ má béèrè eléyìí, kì í ṣe tiyín." Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n kò lówó tó máa san sílẹ̀. Tí mo bá ní kó sanwó kí n tó kọ̀wé, olówó nìkan ni yóò máa rí akọ̀wé. Mi ò rí òfin tó yanjú ìyẹn. Ohun tí àwa méjèèjì ṣe ni pé a dá iye kan, kékeré ni, yálà a wọlé tàbí a ò wọlé. Ó fi géètì ilé mi san án.

Torí a tún ń kọ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún un ní Yorùbá, nínú ṣọ́ọ̀bù, kí a tó fi ránṣẹ́. Tí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ padà fún mi, a yọ ọ́. Ó ti dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹta: "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Lánàá, a dé ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí a ti ṣe sẹ́yìn. Mo fẹ́ sáré kọjá níbẹ̀.

"Àwọn ìyá yẹn ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n béèrè. "Ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò fẹ́ áàpù?"

Mo ní tí a bá kọ ọ́, a lè má wọlé o.

Ó ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́.