Ohun Àìrí Gẹ́gẹ́ Bí Àlàyé

Ní 2009, Lisa Goodenough àti Dan Hooper tọ́ka sí ìtànṣán gámà tí sátẹ́láìtì Fermi ń gbà láti àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa, tó pọ̀ ju èyí tí a mọ orísun rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dark matter, ohun àìrí tí òòfà rẹ̀ nìkan la fi mọ̀ pé ó wà, ló ń pa ara rẹ̀ run níbẹ̀. Ṣé ó tọ́ láti fi ohun àìrí ṣàlàyé ohun tí kò yéni? Mo ní ó tọ́, bí àlàyé náà bá lè sọ ibi tí a ti lè mú un nírọ́. Le Verrier, onímọ̀ nípa ojú ọ̀run, fi ìṣirò tọ́ka sí pílánẹ́ẹ̀tì Neptune, wọ́n sì bá a níbẹ̀ ní 1846. Ọgbọ́n kan náà ló fi dábàá pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, Vulcan, àmọ́ Vulcan kò sí rárá.

Dark matter náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́: ó yẹ kí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kéékèèké tó yí tiwa ká, tí ó kún inú wọn bámúbámú, máa tan irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀, àmọ́ Fermi kò tíì rí i kedere níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí a kúkú gba pulsar, òkú ìràwọ̀ tó ń yí bí òkòtó, gẹ́gẹ́ bí orísun ìtànṣán náà, nítorí pé a mọ̀ ọ́n. Kò tíì yá mi lára. Ọ̀pọ̀ pulsar tí àlàyé yẹn nílò ni a kò tíì rí pẹ̀lú, nítorí náà àìrí ń bẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.