Ife Mélòó Ni Ó Tó fún Ilé Kan?

A kì í pe orí ajá kí a má pe orí ìkòkò tí a fi sè é. Níwọ̀n ìgbà tí wáìnì ti di ohun tí a ń bá lórí tábìlì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní orílẹ̀-èdè wa, yálà ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tàbí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀rẹ́ méjì jókòó láti tàkúrọ̀sọ, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa ife tí a ń bù ú sí. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọjà lọ ra ife wáìnì yóò rí i pé ìbéèrè tí ó dúró dè é níbẹ̀ kì í ṣe ti owó nìkan. Ọlọ́jà yóò fi ife gbàǹgbà hàn án fún wáìnì pupa, yóò fi èyí tí ó kéré sí i hàn án fún funfun, yóò gbé ife tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn wá fún wáìnì tí ń hó, àti òmíràn bíńtín fún wáìnì dídùn tí a ń mu lẹ́yìn oúnjẹ. Mélòó nínú wọn ni ó tó fún ènìyàn tí kì í mu ju ife kan tàbí méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀? Kí sì ni ìtumọ̀ "ó tó" gan-an? Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí ni ẹ̀sìn yín kò gba ọtí láyè, n kò sì kọ èyí láti fi ọtí lọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé omi tútù tàbí zobo ni ó ń fi ife tirẹ̀ mu, ọ̀rọ̀ náà kàn án bákan náà.

Àwọn baba wa ní ìdáhùn tiwọn. Níbi tí a bá ti gbé agbè ẹmu kalẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́, ahá kan ni ó sábà máa ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tí ó kéré jù nínú wọn ni yóò máa bu ẹmu. Bí ẹnì kan bá mu tirẹ̀ tán, a ó tún bù fún ẹnì kejì. Ahá kan, ènìyàn púpọ̀. Ohun tí ọjà òde òní ń fi lọ̀ wá ni òdì kejì rẹ̀: ènìyàn kan, ife púpọ̀. N kò sọ pé kí a padà sí ahá kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó kò ní gbà bẹ́ẹ̀ fún mi, ẹ ó sì jàre. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú àṣà náà tí kò yẹ kí ó bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa. Ahá tí olówó fi mu ni aláìní fi mu, kò sì sí ẹni tí ó ń wo ọwọ́ ẹnì kejì láti mọ irú ife tí a fi dá a lọ́lá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé nítorí pé ife wáìnì jẹ́ ti dígí, ohun àjèjì pátápátá ni ó jẹ́ sí wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ènìyàn wa ń fi iná yọ́ dígí, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n yàn láti ṣe, wọn kò ṣe ife. Igbá ti ń ṣe iṣẹ́ ife fún wọn, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọlọ́jà wa. Ìwà rẹ̀, pé wáìnì kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní ife tirẹ̀, kò pẹ́ tó bí a ti rò. Ní ọdún 1973 ni Claus Josef Riedel, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ìdílé rẹ̀ ti ń ṣe dígí láti ọjọ́ pípẹ́, gbé ọ̀wọ́ ife mẹ́wàá jáde, tí ó jẹ́ pé irú wáìnì kọ̀ọ̀kan ni ó fi ṣe òdiwọ̀n ìrísí wọn. Ọkùnrin náà rí òtítọ́ kan: ìrísí ife ń yí bí a ti ń gbọ́ òórùn wáìnì padà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta ife bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àlàyé mìíràn lé e lórí, pé ife kan ń da wáìnì sí ṣóńṣó ahọ́n níbi tí a ti ń gbọ́ adùn, òmíràn ń dà á sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí a ti ń gbọ́ kíkan.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ àwòrán tí wọ́n gbé àlàyé yìí kà. Ó ti wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ọ̀pọ̀ ọdún: ahọ́n tí a pín bí ẹni pín oko, adùn níwájú, ìkorò ní ìdí, iyọ̀ àti kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1901, Hänig, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí i pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà láàárín apá kan ahọ́n àti èkejì. Nígbà tí ó di ọdún 1942, Edwin Boring ní Amẹ́ríkà ya ìyàtọ̀ díẹ̀ náà sínú ìwé rẹ̀ lọ́nà tí ó fi dà bí ìyàtọ̀ ńlá. Ní ọdún 1974, Virginia Collings tún un dán wò, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Olùkọ́ tí ó bá ń ṣiyèméjì lè fi iyọ̀ kan ṣóńṣó ahọ́n ara rẹ̀ lójú àwọn ọmọ kíláàsì. Yóò gbọ́ ọ. Mo dúró lórí èyí díẹ̀ nítorí pé ó ń ṣe mí bí ẹni pé àwòrán tí kò tọ̀nà nínú ìwé ọmọdé lè wá di owó tí àgbàlagbà ń ná lórí ife.

Imú ni ó ni iṣẹ́ tí a ń fi fún ahọ́n. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí kan ní Tokyo fi ẹ̀rọ ya àwòrán oru ọtí tí ń gòkè láti inú ife. Nínú ife wáìnì tí ẹnu rẹ̀ há díẹ̀, tí wáìnì inú rẹ̀ sì tutù níwọ̀nba, oru náà ká etí ife bí òrùka, àárín sì ṣófo sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí imú lè gbọ́ òórùn èso àjàrà láìjẹ́ pé oru ọtí ta á. Nínú ife tí ó dúró gbọọrọ, wọn kò rí òrùka bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ife ẹni tí ń mu wáìnì nílé ní kò pọ̀: ikùn tí ó yọ díẹ̀, ẹnu tí ó há ju ikùn lọ, etí tí kò nípọn, dígí mímọ́ gaara tí kò ní àwọ̀ tàbí òdòdó tí yóò bo ojú wáìnì, àti ẹsẹ̀ tí a ó fi dì í mú kí ìgbóná ọwọ́ má baà dé inú rẹ̀. Bí ó bá gba nǹkan bí 350 sí 450 mílílítà, tí a sì bu wáìnì sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta péré, yóò gba pupa, yóò gba funfun, kò sì ní kọ èyí tí ń hó. Jancis Robinson, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí wáìnì, fọwọ́ sí èyí: ní ọdún 2018, òun àti Richard Brendon gbé ife kan ṣoṣo jáde fún gbogbo wáìnì.

Ẹnì kan lè takò mí pé ohun tí ó bá gbogbo nǹkan mu kì í bá ọ̀kan mu dé góńgó, àti pé ìtẹ́lọ́rùn tí mo ń yìn lè jẹ́ ọ̀lẹ tí ó wọ aṣọ ìwà rere. Àtakò náà wúwo, n kò fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní ọ̀bẹ oríṣiríṣi, a kì í sì í pe ìyẹn ní àṣejù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń fi títọ́ wáìnì wò jẹun ṣe lè ní ife ogún. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń bẹ iṣu kò nílò ọ̀bẹ mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé iṣu rẹ̀ kò dára nítorí ìyẹn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó tó, ẹni tí yóò lò ó ni a ó kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ohun tí a ń lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìwà jù lọ ni mo fẹ́ dé báyìí. Nínú ìrìn iṣẹ́ ìbẹ̀wò mi, mo ti jókòó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ pálọ̀ tí kọ́bọ́ọ̀dù onídígí wà ní igun rẹ̀, tí ife olówó iyebíye méjì tàbí mẹ́ta sì ń dán nínú rẹ̀ lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Bí àlejò márùn-ún bá dé, onílé ní láti fi ojú wọ̀n wọ́n: ta ni yóò fi ife dáradára mu, ta ni a ó fún ní ife oníke? Àwọn àlejò náà mọ̀ pé a ń wọn àwọn. Ọ̀gá ilé-ìwé gba ti dígí, olùkọ́ kékeré tí ó bá a wá gba ti oníke, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé òun kò rí i. Ife mẹ́fà tí ó jọra, tí owó wọn kò sì ga, kò ní fi onílé sínú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì ro ti ọmọ tí ń fọ ife. Ife ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kì í pẹ́ ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lálẹ́ lẹ́yìn àsè, nígbà tí oorun ti ń kun ojú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ẹni náà, ohun tí ó sì ń tẹ̀lé ìró dígí tí ó fọ́ kì í ṣe ìbéèrè bóyá ó gé e lọ́wọ́. Lójú tèmi, ìhà yìí gan-an ni kí ẹni tí ń ra ife ti kọ́kọ́ ronú: bí èyí bá fọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ wò? Bí ìdáhùn bá ń ṣe é ní iyèméjì, ife náà ti wọ́n jù, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ wà lápò. Ilẹ̀ Faransé mọ èyí nínú ilé oúnjẹ àwọn ilé-ìwé wọn, níbi tí ife Duralex, tí a fi iná àti atẹ́gùn tútù mú le, ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé láti ìran dé ìran. Àwọn ọmọ náà a máa yí ife wọn wò láti ka nọ́ńbà tí ó wà ní ìdí rẹ̀, wọn a sì máa fi nọ́ńbà náà pe ọjọ́ orí ara wọn ṣeré. Àwọn òbí wọn sì ń fi irú ife bẹ́ẹ̀ mu wáìnì nílé láìtijú. Ẹni tí ọmọ pọ̀ nílé rẹ̀ lè yan èyí dípò ife ẹlẹ́sẹ̀. Òórùn díẹ̀ ni yóò pàdánù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge wọn ife wáìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà àtijọ́ wá. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìpíndọ́gba ohun tí ife kan ń gbà jẹ́ 66 mílílítà; nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí náà, ó ti di 449. Ojú a máa tan ọwọ́ jẹ: ohun tí ó kún ife àtijọ́ dẹ́nu kò bo ìdí ife òde òní dáadáa, onílé yóò sì rò pé òun ṣahun sí àlejò bí kò bá tún bù sí i. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ra ife tuntun kọ́kọ́ wọn omi 150 mílílítà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fi ojú sàmì sí ibi tí omi náà dé. Ìgò wáìnì kan jẹ́ 750 mílílítà, yóò sì kárí ènìyàn márùn-ún ní ìwọ̀n yẹn. Kí ó ra mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí ó jọra, gẹ́gẹ́ bí àga tí ó wà nídìí tábìlì rẹ̀ bá ti pọ̀ tó, kí ó sì rà á ní ìsọ̀ tí a ti máa ń rí irú rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ó lè fi ọ̀kan dípò èyí tí ó bá fọ́.