Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá gbé ènìyàn ṣubú, tí egungun rẹ̀ dá, tí ó wà lórí ibùsùn tí àwọn ará ń wá kí i, òwe tí ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu ni pé bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn. Òwe rere ni, òwe akin ni. Ṣùgbọ́n ó ní èkejì tí àwọn àgbà kì í jẹ́ kí ó jìnnà sí i, èyí tí ó wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe ìkíní ní kí á padà. Òwe ìkejì ni ó sọ bí a ti í padà, òun ni mo sì fẹ́ tú wò lónìí, nítorí ó dá mi lójú pé ìdajì rẹ̀ ni a ń lò.

Ìtumọ̀ tí gbogbo ayé ń fún un ni pé ọmọdé kò gbọ́n: bó bá ti ṣubú, ojú rẹ̀ a lọ síwájú, a máa wá ẹni tí yóò fà á dìde, àgbà ní tirẹ̀ a yíjú padà wo gbòǹgbò tàbí kòtò tí ó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ lọ́la. Òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Kò sọ pé bí àgbà bá ń rìn, a wo ẹ̀yìn. Ìgbà tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó ti dìde, tí ó ti gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, tí ó ń lọ, tí ojú rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, àgbà kọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìṣubú kejì ni ó ń wá kiri.

Ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí ní ọ̀nà oko ilẹ̀ Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ náà, òkè tí ó tẹ́jú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn eruku a bo òkúta mọ́lẹ̀, nígbà òjò àgbàrá a la ọ̀nà sí méjì, a sì fi òkúta wẹẹrẹ sílẹ̀ tí táyà ń yọ̀ lórí wọn. Ibi tí ojú bá wò níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ń gbà. Bí o bá tẹjú mọ́ òkúta nítorí pé òkúta ni ó gbé ọ ṣubú níjọ́sí, orí òkúta náà gan-an ni táyà iwájú rẹ yóò lọ. Ààyè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ni ó yẹ kí o máa wò.

Àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ díje lórí òkè àti nínú igbó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Jolanda Neff, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba adé àgbáyé ní ọdún 2017. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni ó ṣubú nínú igbó Pisgah ní North Carolina, nílẹ̀ Amẹ́ríkà: ọlọ inú rẹ̀ ya, egungun ìhà rẹ̀ kan dá, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan sì sún kì. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà, ọjọ́ orí tí àwa ń pè ní èwe. Ṣùgbọ́n àgbà inú òwe yìí kì í ṣe ti ewú orí. Ìgboyà kì í di ọlọ inú tí ó ya. Àkókò àti ìtọ́jú ni í dì í. Àrùn Kòrónà, tí ó pa ayé lẹ́kún, ni ó sún ìdíje Òlíḿpíìkì ti Tokyo láti 2020 sí 2021, àkókò sì gbòòrò fún un. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ó tún ṣubú ní Leogang nílẹ̀ Austria, egungun ọwọ́ rẹ̀ sì dá. Nígbà tí ó di ọjọ́ 27 oṣù Keje, ní Izu nílẹ̀ Japan, òjò ti rọ̀ sórí ọ̀nà, òkúta ń yọ̀. Ó bọ́ síwájú ní kùtùkùtù ìdíje, kò sì sí ẹni tí ó bá a mọ́. Ó ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ẹnì kejì tó dé, ọmọ ìlú rẹ̀ sì ni ẹnì kejì àti ẹnì kẹta.

Lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, lójú ọ̀nà kan náà, Mathieu van der Poel ará Netherlands fi ojú àná wo ọ̀nà òní. Nígbà ìdánrawò, wọ́n ti fi pákó ṣe àtẹ̀gùn sí ìsàlẹ̀ àpáta kan kí kẹ̀kẹ́ lè bà lé e. Lọ́jọ́ ìdíje wọ́n ti kó pákó náà kúrò, òun sì fò bí ẹni pé pákó wà níbẹ̀. Ó ṣubú gidigidi, ó sì fi ìdíje náà sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ó borí lọ́jọ́ náà ni Tom Pidcock ará Britain, tí egungun èjìká rẹ̀ dá ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti dá rí wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹnì kejì gbé ọkàn lé ohun tí ó ti wà.

Àwọn tí ń to eegun nílẹ̀ Yorùbá mọ bí a ti ń wo ẹ̀yìn nígbà tí a wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá gba ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, àwọn kan nínú wọn a dá ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọn a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti okùn di ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn a sì máa tọ́jú wọn pọ̀. Ìgbà tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ láìtiro ni wọ́n tó tú igi lẹ́sẹ̀ ènìyàn. N kò sọ pé kí á fi adìẹ rọ́pò ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọn kì í bi aláìsàn léèrè bóyá ó ti ń kánjú, wọn kì í sì í bi àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Nítorí kì í ṣe gbogbo ẹṣin tó dá ni ni a tún ń gùn. Suleiman Kangangi ọmọ ilẹ̀ Kenya, aṣáájú ẹgbẹ́ Amani, ṣubú níbi ìdíje Vermont Overland nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, kò sì dìde mọ́. Ọ̀rọ̀ tó báyìí tó ohun tí yóò dá òwe akin dúró lẹ́nu ẹni.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ni í ṣubú. Kétu alára, Kétu ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Kétu ilé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Kétu tí a kì í wọ̀ láyé àtijọ́ láìgba ẹnu ibodè Akaba Ìdènà, ti ṣubú rí. Ní ọdún 1886 ni ọmọ ogun Glèlè ọba Dàhómì fọ́ ọ, tí wọ́n sun ún, tí wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Abomey. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhómì tí ó jẹ lẹ́yìn Glèlè, tán ni àwọn tí ó ṣẹ́kù padà, tí a sì tún fi Alákétu jẹ ní nǹkan bí ọdún 1894. Ẹni tí ó bá ń wo ẹ̀yìn láìfarabalẹ̀ yóò sọ pé odi ni kò nípọn tó, tàbí pé yàrà ni kò jìn tó. Bẹ́ẹ̀ odi Kétu nípọn, yàrà rẹ̀ jìn. Ebi àti ẹ̀tàn ni ó ṣí ìlú sílẹ̀. Ohun tí ó gbé ni ṣubú kì í sábà jẹ́ ohun tí ojú kọ́kọ́ bà lé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti eléré kẹ̀kẹ́: a máa ka ẹ̀bi sí gbòǹgbò lọ́rùn, nígbà tí ó jẹ́ pé àìsùn, bíréèkì tí ó ti jẹ, tàbí ìdíje tí ó tẹ̀lé ara wọn láìsí ìsinmi ni ó mú ọwọ́ rẹ̀ wúwo.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ du adé àgbáyé ti ojú títì ní Kigali nílẹ̀ Rwanda, fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ adúláwọ̀, ó sì dájú pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà lórí ilẹ̀ pupa yìí ni ojú wọn ti là sí eré náà. Mo bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wọn: ẹ ra akoto fún wọn kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ tuntun, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ṣubú, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè bí ó ti sùn àti bí bíréèkì rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ náà, ẹ má sì kéde ọjọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀ kí dókítà tó fọwọ́ sí i.