Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Ará Ìlú Tí Àrùn Wà?

Nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń jáde lẹ́nu ènìyàn: "Kí ìjọba ti ibodè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibẹ̀ wá mọ́." A kò lè dá wọn lẹ́bi. Bí iná bá jó ni, tí ó jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni a kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wádìí bóyá ìlẹ̀kùn títì ń ṣe iṣẹ́ tí a rán an, àti bóyá ó tọ́.

A gbà pé ó ti ṣiṣẹ́ rí. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn influenza ọdún 1918, Samoa tí ó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí àlejò gúnlẹ̀ bí kò ṣe pé a kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀. Àrùn náà kò pa ẹnì kan níbẹ̀. Samoa kejì, tí kò jìnnà sí i, gba ọkọ̀ kan láti New Zealand láàyè. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará ibẹ̀ ni ó kú. Ṣùgbọ́n erékùṣù kékeré ni wọ́n, omi ni ó yí wọn ká. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti ibodè Ṣèmẹ̀, ọ̀nà ẹ̀bùrú pọ̀ nínú igbó, ẹni tí ó bá sì gba ibẹ̀ wọlé, kò sí ẹni tí yóò mọ ibi tí ó wọ̀ sí.

Kí ni ó wá gba Èkó lọ́wọ́ Ẹ̀bólà? Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan gbé e wọlé láti Liberia. Dókítà Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, àrùn náà sì pa òun fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tí ó súnmọ́ aláìsàn kàn, wọ́n ju 800 lọ. Wọ́n ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ẹnì kan lè wí pé bí a bá ti ti ìlẹ̀kùn ni, dókítà náà ì bá wà láàyè. Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a bá dí mọ́ aláìsàn, a dí i mọ́ oníṣègùn pẹ̀lú. Iná tí a kò bá sì pa ní ilé aládùúgbò, yóò tún dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun kan tún wà tí ó burú jù. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn onímọ̀ Gúúsù Áfíríkà sọ òtítọ́ fún ayé nípa ẹ̀yà àrùn Kòrónà tí a wá pè ní Omicron. Kíá, orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé ó ti wà ní ilẹ̀ Netherlands láti ọjọ́ 19. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà kún àwọn tí a tì síta ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 15 wọ́n ṣí i, nítorí àrùn náà ti gbilẹ̀ láàárín àwọn fúnra wọn. Bí a bá ń na ẹni tí ó kígbe olè, lọ́jọ́ mìíràn olè yóò jà, kò sí ẹni tí yóò kígbe.

Èrò tiwa ni pé ìlẹ̀kùn títì lè ra ọjọ́ díẹ̀ fún wa láti múra sílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ pẹ́, kò sì gbọdọ̀ di ìjìyà fún olóòótọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń rìnrìn àjò, bí wọ́n bá bi yín ní ibodè níbi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ má ṣe purọ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹ má ṣe gba owó kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ kan. Àwa tí a ń gbé ìlú tí kì í ṣe ti baba wa kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé àlejò ni àwa náà lójú ẹlòmíràn.